Ẹ̀ṣọ́ Tó Gbàgbé Onílé: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Ìfun Tí A Ń Pè Ní Jẹ̀díjẹ̀dí

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Ajah lọ sí Èkó ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yóò gbà pẹ̀lú mi pé sùúrù ni owó ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí èrò ti máa ń tò sí abẹ́ afárá. Kí ọkọ̀ tó kọjá VGC, kí ó tó fà dé Chevron, kí ó tó rá pálá dé Jakande, oòrùn á ti gòkè, àwọn tó ń ta gálà àti omi tútù á sì ti máa sá tẹ̀ lé fèrèsé ọkọ̀. Inú irú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí mo ṣàkíyèsí pé kò dá mi lóhùn mọ́. Mo wo ojú rẹ̀. Òógùn ń ṣàn lórí rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àga iwájú mú, ó sì ń mí bí ẹni tó ń rọbí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí o?”

“Bá mi sọ fún awakọ̀ kí ó já mi sílẹ̀. Nísinsìnyí.”

Kọ́ńdọ́ pariwo pé kò sí ibùdókọ̀ níbẹ̀, àwọn èrò kan sì ń kùn pé a fẹ́ fi àkókò àwọn ṣòfò. A sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sáré wọ ilé epo kan, ó bẹ ọmọkùnrin tó ń ta epo kí ó jọ̀wọ́ fún òun ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìgbà kẹta nìyẹn kí aago méje tó lù. Nígbà tó jáde, tí a jókòó sórí bíríkì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni fún mi: ẹ̀jẹ̀ ni òun ń yà, ó sì ti lé ní oṣù mẹ́jọ.

Èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá ni mo kọ́ ní yunifásítì. Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìwé, tí mo ń bi àwọn dókítà léèrè, tí mo sì ń tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé ìwòsàn. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ bíi tiwa ni àrùn yìí fẹ́ràn láti mú.

Orúkọ kan, àrùn púpọ̀

Kì í ṣe pé àwọn tó kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi kò rí orúkọ sọ àìsàn rẹ̀. Ìyá alágbo tó ń tajà nítòsí ọjà Ajah ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ó bu agbo fún un, ó sì kìlọ̀ pé kí ó jìnnà sí ṣúgà. Oníkẹ́mísíìtì kan ní ọ̀nà Badore ní taifọ́ọ̀dù ni. Nígbà tí oògùn taifọ́ọ̀dù kò ṣiṣẹ́, ó fi Flagyl kún un. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní òun kò fẹ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó rántí oúnjẹ tó jẹ níbi àríyá kan lọ́jọ́sí, nítorí pé ayé le. Olúkúlùkù ló fẹ́ràn rẹ̀, olúkúlùkù ló sì fi òótọ́ inú sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò dá.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà, jẹ̀díjẹ̀dí, wò. Bí a bá tú u palẹ̀, ohun tó ń “jẹ ìdí” ni. Orúkọ yìí ni a ń pe ìdí yíyọ, òun ni a ń pe ẹ̀jẹ̀ tó bá ìgbẹ́ jáde, òun ni a ń pe inú rírun, ẹ̀yìn dídùn, àní àìlágbára ọkùnrin pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, ó sì bá ìrírí àwọn baba wa mu. Wàhálà rẹ̀ ni pé orúkọ kan ṣoṣo ló ń ru ẹrù àrùn mẹ́fà tàbí méje. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ lè jẹ́ ìdí yíyọ lóòótọ́. Ó lè jẹ́ ìgbẹ́ ọ̀rìn tí kòkòrò àmíbà fà. Ó lè jẹ́ ikọ́ ife tó wọ inú ìfun, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ó tún lè jẹ́ àrùn ìfun wíwú, èyí tí àwọn oníṣègùn ń fi lẹ́tà mẹ́ta pè ní IBD. Òun ni wọ́n rí lára ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà tó fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ wo inú ìfun rẹ̀.

Ìbejì ni àrùn yìí. Èkíní ni ulcerative colitis: inú ìfun ńlá nìkan ló máa ń wà. Láti ẹnu ihò ìdí ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, tí á sì máa gòkè láìfo ibì kankan, ṣùgbọ́n awọ inú ìfun nìkan ni ó ń bó. Èkejì ni àrùn Crohn: òun lè yọ níbikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí, á fo ibì kan, á mú ibòmíràn, á sì máa jẹ ògiri ìfun wọlé jinlẹ̀ títí yóò fi dé òdìkejì. Dókítà Samuel Wilks ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a máa ń ka ìròyìn àkọ́kọ́ nípa èkíní sí lọ́rùn, ní ọdún 1859. Ní ti èkejì, Burrill Crohn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Leon Ginzburg àti Gordon Oppenheimer, ni wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1932 láti ilé ìwòsàn Mount Sinai ní New York.

Fún ìgbà pípẹ́, èrò àwọn oníṣègùn ni pé àrùn òyìnbó ni. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ṣiṣẹ́ ní Uganda, wà lára àwọn tó tẹnu mọ́ ọn pé oúnjẹ oníhóró àti ewébẹ̀ tí àwọn ará Áfíríkà ń jẹ ni kò jẹ́ kí irú àrùn ìfun tó gbòde ní Yúróòpù pọ̀ láàrin wọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣàì ní òótọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá wá, a kì í rí i. Níbi tí kámẹ́rà ìfun kò bá sí, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti jẹ̀díjẹ̀dí ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́. Ní ọdún 2012, Olusegun Alatise ti Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn tí wọ́n rí àrùn yìí lára wọn ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́ta ní gúúsù Nàìjíríà. Ìwádìí bẹ́ẹ̀ fi hàn pé àrùn náà wà láàrin wa, bí kò tilẹ̀ pọ̀ tó ti òkè òkun.

Ilẹ̀ tóóró láàrin omi méjì

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú ìfun náà gan-an? Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ló ràn mí lọ́wọ́ láti lóye rẹ̀. Ẹni tó bá dúró ní Ajah, ọ̀sà wà ní àríwá rẹ̀, Òkun Àtìláńtíìkì sì wà ní gúúsù rẹ̀. Ilẹ̀ iyanrìn tóóró ni gbogbo wa kọ́lé sí láàrin omi méjèèjì. Bí ilẹ̀ yìí bá ya níbì kan, àwọn ará Lekki kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí omi ti lé jáde nílé nígbà òjò mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni awọ inú ìfun rí. Ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni, ó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ. Ní apá kan rẹ̀ ni oúnjẹ tí a jẹ wà pẹ̀lú ẹgbàágbèje kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n fi inú ìfun ṣe ilé. Ní apá kejì ni ẹ̀jẹ̀ wà, pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ ara, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá àrùn jà. Irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ gan-an nínú ìfun. Bí a bá tẹ́ gbogbo awọ inú ìfun sílẹ̀ bí ẹni, ó tó nǹkan bíi mítà 30 ní ìlọ́po méjì, tí í ṣe fífẹ̀ iyàrá ńlá kan. Láàrin ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, púpọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti kú, àwọn tuntun sì ti gba ipò wọn.

Kí ló wá ń di ilẹ̀ tóóró yìí mú? Púrótéènì ni. Ẹni tó bá gbọ́ púrótéènì, ẹ̀wà àti ẹyin ló máa ń sọ sí i lọ́kàn, ṣùgbọ́n ara fúnra rẹ̀ náà ń rọ púrótéènì bí alágbẹ̀dẹ ti ń rọ ọkọ́ àti àdá, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní mucin. Òun ló ń jẹ́ kí oje kan tó ń yọ̀ bí ewédú bo awọ ìfun, kí kòkòrò má bàa fi ara kan ògiri. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn bíi claudin àti occludin, tí wọ́n ń so sẹ́ẹ̀lì kan mọ́ èkejì bí símẹ́ńtì ti ń so búlọ́ọ̀kù. Àwọn ni wọ́n ń pinnu ohun tó lè gba àárín sẹ́ẹ̀lì kọjá. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì

Ògiri nìkan kò tó. Ní ojú ọ̀nà Lekki sí Ajah, estate wo ni kò ní géètì àti ẹ̀ṣọ́? Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń gbé inú estate mọ̀ pé kì í ṣe olè nìkan ni ẹ̀ṣọ́ rere gbọ́dọ̀ dá mọ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ onílé. Ó gbọ́dọ̀ mọ ọmọ tó ń ti ilé ìwé dé, mọ ìyá oníbúrẹ́dì, mọ àwọn tó ń kó ilẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó bá ń yìnbọn sí gbogbo ẹni tó bá kọjá yóò pa onílé tán kí olè tó dé.

Iṣẹ́ ńlá tó wà níwájú ẹ̀ṣọ́ ìfun nìyí. Oúnjẹ kì í ṣe ara wa, síbẹ̀ a kò gbọ́dọ̀ bá a jà. Púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò inú ìfun pẹ̀lú kì í ṣe ọ̀tá. Wọ́n ń bá wa lọ oúnjẹ tí a kò lè dá lọ̀, wọ́n sì ń ṣe àwọn èròjà tó ń bọ́ awọ ìfun. Nítorí náà, ara ní àwọn púrótéènì kan tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe ogun jíjà bí kò ṣe ogun dídá dúró.

Ọ̀kan ni IgA. Ara àgbàlagbà ń da bíi gíráàmù 3 sí 5 rẹ̀ sínú ìfun lójoojúmọ́. IgA kì í sábà pa kòkòrò. Ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ ọn lára, tí kò sì ní jẹ́ kí ó sún mọ́ ògiri. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ tuntun, òun ló pọ̀ nínú omi ọyàn àkọ́kọ́, olómi ìyeyè, tí àwọn kan ṣì máa ń fún dànù nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ẹ má dà á nù mọ́: ẹ̀ṣọ́ tí ìyá ń yá ọmọ títí tọmọ yóò fi ní tirẹ̀ ni.

Èkejì ni a lè pè ní àgbà ọjà. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni interleukin-10, tí wọ́n ń gé kúrú sí IL-10. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá ti lé ọ̀tá lọ tán, IL-10 ni ara máa ń fi ránṣẹ́ pé ó tó, kí wọ́n ki idà bọ inú àkọ̀. Ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ni TGF-beta, tí òun náà ń tu ẹ̀ṣọ́ lójú, tó sì ń ran awọ ìfun tó bó lọ́wọ́ láti san.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan sì wà tó jẹ́ pé àlàáfíà pípa mọ́ ni gbogbo iṣẹ́ wọn. Shimon Sakaguchi, ọmọ ilẹ̀ Japan, fi wọ́n hàn fáyé ní ọdún 1995. Mary Brunkow àti Fred Ramsdell, ará Amẹ́ríkà, rí jíìnì FOXP3 tí iṣẹ́ wọn rọ̀ mọ́ ní ọdún 2001. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ ìṣègùn ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025. Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù nínú FOXP3 máa ń ní ìgbẹ́ gbuuru tó le koko láti kékeré, nítorí pé kò sí ẹni tó lè dá ẹ̀ṣọ́ wọn lẹ́kun.

Nígbà tí agogo kò dákẹ́ mọ́

Púrótéènì mìíràn wà tí iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. TNF ni orúkọ rẹ̀, agogo ìdágìrì ni. Bí kòkòrò burúkú bá yọ ojú, TNF á lu agogo, àwọn ẹ̀ṣọ́ á sì sáré jọ. Kì í ṣe ẹni ibi. Bí kò bá sí TNF, ikọ́ ife ì bá ti pa ọ̀pọ̀ nínú wa. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni agogo tó ń dún tí kò dákẹ́ mọ́.

Lára ẹni tó ní àrùn ìfun wíwú, agogo náà kì í dákẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ń ya wọlé, ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á gbóná. Àwọn púrótéènì tó so sẹ́ẹ̀lì pọ̀ á tú díẹ̀díẹ̀. Oje yíyọ̀ á fẹ́lẹ́. Kòkòrò tó yẹ kí ó wà ní ìta á yọ́ wọlé, agogo á tún dún sí i. Ẹ̀ṣọ́ ti gbàgbé onílé. Ilé tó yẹ kí ó máa ṣọ́ ló ń wó. Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani.

Báwo la ṣe mọ̀ pé àìsí olùlàjà lè fa irú nǹkan báyìí? Ní ọdún 1993, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ìlú Cologne, ní ilẹ̀ Jámánì, yọ agbára ṣíṣe IL-10 kúrò lára àwọn eku. Ẹnìkan kò fún wọn ní májèlé, síbẹ̀ ìfun wọn wú, ó sì di egbò. Ní ọdún 2009, a rí i pé ọ̀ràn náà kò mọ sára eku. Wọ́n ṣàlàyé ipò àwọn ọmọ ọwọ́ kan tí ìfun wọn ń jẹra láti kékeré: ara wọn ń ṣe IL-10, ṣùgbọ́n ibi tí IL-10 ti ń kan ilẹ̀kùn lára sẹ́ẹ̀lì ni ó bàjẹ́. Àgbà ń sọ̀rọ̀, kò sí etí tó ń gbọ́ ọ. Wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ìfun rẹ̀ sì rọlẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo àrùn yìí ló rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, kì í ṣe ẹ̀bi púrótéènì kan ṣoṣo. Ibi tó lé ní 200 ni wọ́n ti rí nínú àkójọ jíìnì ènìyàn tó ní ọwọ́ nínú rẹ̀. NOD2, tí wọ́n rí ní ọdún 2001, ni olókìkí jù lọ nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn ìyípadà rẹ̀ tó wọ́pọ̀ láàrin àwọn aláwọ̀ funfun ṣọ̀wọ́n láàrin àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. A kò lè máa fi bàtà ẹlòmíràn wọn ẹsẹ̀ ara wa. Ó yẹ kí ìwádìí wà lórí ara tiwa náà. Yàtọ̀ sí jíìnì, ìgbé ayé kó ipa tirẹ̀: sìgá mímu ń mú àrùn Crohn le sí i, oògùn apakòkòrò tí a ń lò láìnídìí ń tú àwùjọ kòkòrò inú ìfun ká, oúnjẹ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ sì ń gba ipò ewébẹ̀ àti ẹ̀wà. Ibikíbi tí abúlé bá ti ń di ìlú ńlá ní kíákíá ni àrùn náà ti ń pọ̀ sí i. Àwọn tó mọ Ajah nígbà tó jẹ́ ilé apẹja kò tíì kú tán.

Àrùn tó ń sùn

Dókítà kọ́kọ́ ní kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi wò fún àmíbà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti dín gan-an lára rẹ̀. Wọ́n wá ikọ́ ife, nítorí pé ikọ́ ife inú ìfun àti àrùn Crohn jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àṣìṣe fi rọrùn. Àyẹ̀wò mìíràn wà fún calprotectin, púrótéènì kan tí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń jà máa ń tú sínú ìgbẹ́. Bí ó bá pọ̀, ìfun ń wú. Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà, tí wọ́n fi gé ẹran tíńtín láti wò lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi. Ó bẹ̀rù kámẹ́rà náà púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ oorun. Ohun tó sọ nígbà tó jí ni pé, “Ṣé wọ́n ti ṣe é ni?”

Wọ́n fún un ní mesalazine, wọ́n sì fi prednisolone kún un fún ìgbà díẹ̀. Kí oṣù kan tó pé, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ó sanra padà. Ó jó níbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nínú oṣù karùn-ún, ó da oògùn dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Oògùn náà wọ́n, ara rẹ̀ sì ti yá. Ẹnìkan tún ti sọ fún un pé ẹni tó ti rí ìwòsàn kì í gbé oògùn mì mọ́, pé àìnígbàgbọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, ọkọ rẹ̀ gbé e wọ ilé ìwòsàn ní òru, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára kí ilẹ̀ tó mọ́.

Dókítà kò bínú. Ó kàn sọ gbólóhùn kan tí n kò lè gbàgbé: “Madam, àrùn yín sùn ni, kò kú.”

Ìdí tí mo fi ń kọ àpilẹ̀kọ yìí nìyẹn. A mọ àìsàn tó ń wá tó sì ń lọ bí ibà. Èyí tó ń sùn tó sì ń jí kò tíì mọ́ wa lára. Títí di òní, kò sí oògùn tó ń pa àrùn yìí kúrò lára pátápátá, ṣùgbọ́n àwọn tó lè mú un sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún wà. Yàtọ̀ sí àwọn tí mo dárúkọ, azathioprine wà. Infliximab náà wà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1998 fún àrùn Crohn. Òun ló ń di TNF mú kí agogo lè dákẹ́. Owó gọbọi ni, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà ló sì ń fi owó ara wọn rà á. Nítorí pé TNF ló ń ṣọ́ ikọ́ ife tó fara pamọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba irú abẹ́rẹ́ yìí láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ife àti àrùn mẹ́dọ̀ onípele B.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ló dé tí wọn kò kúkú fún aláìsàn ní IL-10? Wọ́n dán an wò. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ fún àwọn tó ní àrùn Crohn, àbájáde rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé èyí tó dé inú awọ ìfun gan-an kò tó. Ọ̀rọ̀ àgbà kò wúlò bí àgbà náà kò bá sí níbi tí ìjà ti ń ṣẹlẹ̀.

Ohun tó kàn wá

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, láàrin ọdún 15 sí 35 ni àrùn yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀: àkókò ilé ìwé, iṣẹ́ tuntun, ìfẹ́sọ́nà, ọmọ bíbí. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá a jáde, bí o bá ń rù láìmọ ìdí, bí ìgbẹ́ bá ń jí ọ lójú oorun, bí oríkèé bá ń dùn ọ́ tàbí tí ojú rẹ ń pọ́n léraléra pẹ̀lú rẹ̀, má ṣe tún ra Flagyl ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Wá dókítà tó mọ ọ̀rọ̀ ìfun. Wọ́n wà ní àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì wa. Bí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ bá tó ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́, tí ibà wà níbẹ̀, tí ikùn wú tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an.

Mi ò ní kí ẹ kẹ́gàn ìyá alágbo. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ mọ orúkọ àrùn kí ẹ tó wá oògùn rẹ̀, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tí ẹ ń mu fún dókítà. Ẹ ṣọ́ra fún ibuprofen àti diclofenac tí a ń gbé mì fún ara ríro. Wọ́n lè jí àrùn tó ń sùn. Ẹni tó ti ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àrùn rẹ̀ sì sùn, lè lóyún, ó sì lè bímọ ní ìrọ̀rùn. Kí ó má kàn dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ nítorí oyún. Ní pípẹ́, ulcerative colitis lè bí jẹjẹrẹ ìfun ńlá, nítorí náà lẹ́yìn bí ọdún mẹ́jọ, ó yẹ kí kámẹ́rà máa wọlé lóòrèkóòrè.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbé pẹ̀lú aláìsàn bẹ́ẹ̀, àrùn náà kì í ràn. Ẹ lè jọ jẹun, ẹ lè jọ sùn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ó dun òun jù kì í ṣe inú rírun; ó ní ìtìjú ni, pé òun kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni ìdí tí òun fi ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Nígbà tó sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ níkẹyìn, ọ̀gá náà gbà kí ó máa ṣiṣẹ́ láti ilé ní ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń pè é lórí fóònù ní alaalẹ́ báyìí pé, “Ìyàwó mi, ṣé o ti lo oògùn rẹ?”

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a tún jọ wọ ọkọ̀ láti Ajah. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò yí padà. A dé ọ̀gangan ilé epo ọjọ́sí, ọkọ̀ dúró gbọnin. Mo wo ojú rẹ̀ láìmọ̀ pé mo ń wò ó.

Ó rẹ́rìn-ín. “Kí lò ń wò? Ra gálà fún mi jàre.”